Samuel Johnson, Ikọ̀ Láàárín Ọ̀tá Méjì

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú àríyànjiyàn àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí. Ṣé ó tọ́ kí olórí ìlú jókòó bá ìjọba tó ń bá a ṣọ̀tá sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ náà gbóná sí i lọ́dún 2023, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niger, tí àwọn olórí ECOWAS ti ẹnubodè, tí wọ́n sì ń lérí pé àwọn yóò lo agbára. Àwọn kan láàárín wa sọ pé kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ bá ẹni tó fìbọn gbàjọba sọ. Àwọn mìíràn ní aládùúgbò ẹni kì í ṣe ẹrù tí a lè gbé kúrò nílẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn àáfáà kan láti Nàìjíríà lọ sí Niamey, olórí àwọn sójà ọ̀hún sì gbà láti rí wọn. Bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ló lọ jẹ́ iṣẹ́ náà, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó kàwé dé ẹ̀ka yìí tí kò gbọ́ orúkọ Samuel Johnson rí. Òpìtàn la mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, ìwé rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn tó wà rárá, Johnson ti jẹ́ ikọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ ọba lọ bá gómìnà, ó gbé ọ̀rọ̀ gómìnà wọ bùdó ogun, ó sì bá àwọn jagunjagun tí ìbọn wọn kò tí ì tutù sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Apá yẹn nínú ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ tọ̀ níbí. Mo gbà pé ó fi hàn pé ó yẹ kí olórí bá ọ̀tá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tún fi ohun kejì hàn tí a kì í sábà dárúkọ nígbà tí a bá ń jiyàn, ìyẹn ni ohun tí èèyàn máa ń san nígbà tí kò bá lè bá ọ̀tá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n bí Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1846 ní Hastings, nílẹ̀ Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, Henry Johnson, ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ogun àti òwò ẹrú ló gbé bàbá yìí kúrò nílé. Ó bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn, ó sì bá ara rẹ̀ ní Sàró láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti kó jọ síbẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó bí Samuel ni ogun láàárín àwọn ìlú Yorùbá ti pín ìdílé rẹ̀ níyà. Nígbà tó bá dàgbà, irú ogun bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò máa sáré kiri láti parí.

Ní nǹkan bí ọdún 1858, ìdílé náà bá David Hinderer, àlùfáà CMS tó jẹ́ ọmọ Jámánì, wá sí Ìbàdàn. Samuel ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fìdí kalẹ̀ ni Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1860. Ìbàdàn dojú kọ Kúrunmí ní Ìjàyè, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì dí ọ̀nà. Ẹrù kò gòkè mọ́ láti etíkun. Ebi wọ ilé mísọ́nnárì débi pé Anna, ìyàwó Hinderer, ń ta ohun ìní ilé kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Ìjàyè fọ́ lọ́dún 1862, ṣùgbọ́n ìṣòro ọ̀nà kò tán lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà tí wọ́n dí máa ń pa ẹni tí kò mú ìbọn lọ́wọ́.

Láàárín 1863 sí 1865, Johnson lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí CMS dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ ṣàkíyèsí ìlú tó lọ. Abẹ́òkúta ti bá Ìbàdàn jà nínú Ogun Ìjàyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ìbàdàn wá jókòó kàwé láàárín àwọn tí ìlú rẹ̀ ń pè ní ọ̀tá, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó sì gbọ́ ìtàn ogun kan náà láti ẹnu ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ikọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́ ilé ìwé lọ́dún 1866, ó sì di katikíìsì lọ́dún 1875, lábẹ́ Daniel Olúbi tó ń bójú tó ìjọ lẹ́yìn tí Hinderer ti lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn yìí kò kan ìbéèrè wa, pé Yorùbá ló ń bá Yorùbá jà, kì í ṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìbàdàn, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin àti Iléṣà ní ìjọba tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kálukú ní ọmọ ogun, kálukú ní oníbodè tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, kálukú ló ń bá ẹni tó wù ú mulẹ̀. Èdè wọn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan kọjá sí ọ̀dọ̀ èkejì lásìkò ogun ti wọ ilẹ̀ òkèèrè. Ó lè di ẹrú níbẹ̀, wọ́n sì lè pè é ní amí kí wọ́n pa á.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti túká, Ìbàdàn ló gbapò agbára. Ìbàdàn ló dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, lẹ́yìn náà ló sì nawọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Iléṣà ṣubú sọ́wọ́ wọn lọ́dún 1870. Wọ́n fi àjẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àjẹ́lẹ̀ yìí kò mọ níwọ̀n, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì burú jù wọ́n lọ. Lọ́dún 1878, Fábùnmi pa àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀lé e. Báyìí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe dìde, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nínú ìmùlẹ̀ kan, tí Ògèdèngbé ọmọ Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Lọ́dọ̀ Ìbàdàn, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kó ogun jáde. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, pápá ogun sì wà láàárín. Ìró ìbọn tó ń dún lábẹ́ àwọn òkè yẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ogun náà kò ṣe é parí. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí tó sì ń yára yìn. Ìbàdàn náà wá ìbọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn láti 1877. Ìlọrin ń bá Ìbàdàn jà lápá Ọ̀fà, Ifẹ̀ náà sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́. Ogun tó yẹ kó jẹ́ ti ọdún kan di ti ọdún mẹ́jọ. Àwọn èèyàn bímọ sí bùdó, wọ́n sì sìnkú sí bùdó.

Kí ló dé tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀? Èyí ló yẹ kí àwa tí à ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ òde òní fetí sí dáadáa. Lójú Látòósà, ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn Èkìtìparapọ̀. Bí ó bá jókòó tì wọ́n, ó ti gbà pé ẹgbẹ́ òun ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń jà fún gan-an nìyẹn. Lójú Ògèdèngbé àti àwọn ìjòyè yòókù, kò sí ìbúra Ìbàdàn tó ṣe é gbọ́kàn lé. Bí àwọn bá kọ́kọ́ tú bùdó, ta ni yóò dá Ìbàdàn dúró kó má lé wọn bá títí dé ilé? Ìbàdàn náà ń bẹ̀rù ohun kan náà, pé bí àwọn bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà, ọ̀tá yóò gbá tọ̀ wọ́n. Ó ti rẹ ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn méjèèjì ń fẹ́ lọ sílé, kò sì sí ẹni tó lè kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ní ọgbọ́n. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò dúró sáàárín títí àwọn méjèèjì yóò fi gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ni orí ilẹ̀ náà lọ́rọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní ogun tó lè fi pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lóṣù kẹwàá ọdún 1881, ó gbé ìgbésẹ̀ kan. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n wá bá òun pẹ̀tù sí ogun tó ń jẹ ilẹ̀ òun run. Johnson ló bá a kọ ìwé náà, Johnson náà ló gbé e lọ sí Èkó. Ẹ ronú nípa ọ̀nà tó gbà. Ìlú tó wà lójú ọ̀nà kò fẹ́ kí ogun parí lọ́nà tí yóò ṣe Ìbàdàn láǹfààní, ọkùnrin yìí sì ti Ìbàdàn wá. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Johnson kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá, torí ó yẹ kó bẹ̀rù àwọn méjèèjì.

Ìwé dé Èkó, ṣùgbọ́n àlàáfíà kò dé. Abẹ́ ìjọba Gold Coast, Gánà òde òní, ni Èkó wà nígbà náà, àwọn aláṣẹ ní London kò sì fẹ́ ná owó tàbí ẹ̀mí sórí ogun tó wà nínú igbó. Àwọn ikọ̀ lọ, àwọn ikọ̀ bọ̀. J. B. Wood, àlùfáà CMS, dé àwọn bùdó láti 1884, òun náà kò rí i yanjú. Ìlú kan á sọ pé òun ṣetán bí èkejì bá kọ́kọ́ kúrò, èkejì náà á fèsì bákan náà. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ọdún wọ̀nyẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ sísọ kò wúlò. Èrò tèmi yàtọ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn ikọ̀ ń kó ohun kan jọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń mọ ohun tí kálukú kò lè gbà láéláé, wọ́n sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn ń fi ẹnu sọ.

Nǹkan méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Látòósà kú sí bùdó lóṣù kẹjọ ọdún 1885, olórí tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìpẹ̀tù kò sí mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1886, wọ́n ya Èkó kúrò lára Gold Coast, Alfred Moloney sì di gómìnà tó lè dá ìpinnu ṣe. Òwò ń kú ní Èkó nítorí ọ̀nà tó dí, Faransé sì ti wà ní Porto-Novo nítòsí. Moloney fẹ́ kí ogun náà parí. Ó wá àlùfáà méjì. Ó rán Johnson sí ọ̀dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn. Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó ló rán sí Ifẹ̀ àti Èkìtìparapọ̀.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó díbọ́n pé Johnson kò ní ẹ̀gbẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó dàgbà ní Ìbàdàn ni, Èkìtì kò sì ní gbà á gbọ́ bó fi ojú ara rẹ̀ nìkan wá. Nítorí náà, wọn kò wá aláìlẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kò sí. Wọ́n wá ẹni tí ìhà kìíní fọkàn tán, wọ́n wá ẹni tí ìhà kejì fọkàn tán, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì fọkàn tán ara wọn. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí jagunjagun bá fìbínú sọ ní Ìgbájọ, ikọ̀ tó gbọ́n kò ní gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Yóò yọ ẹ̀gún rẹ̀ láìyọ òótọ́ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1886, àwọn aṣojú gbogbo wọn wà ní Èkó, àdéhùn sì wà nínú ìwé. Wọ́n tún gbé e padà gòkè kí àwọn ọba àti ìjòyè fọwọ́ sí i. Bí a bá wo inú rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìfẹ́. Ìwé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìlú ni. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì gba òmìnira wọn. Aláàfin àti Ọwá Iléṣà yóò máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò bíi ti àtijọ́. Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ, ìlú mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, yóò wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó kúrò níbẹ̀. Àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ yóò ṣí kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Kò sí ẹgbẹ́ tó gba gbogbo ohun tó fẹ́. Ìbàdàn pàdánù ìjọba tó fi ọdún gígùn kọ́. Èkìtìparapọ̀ fi ìlú mẹ́rin sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Lóṣù kẹsàn-án, Moloney rán aṣojú Gẹ̀ẹ́sì méjì, Henry Higgins àti Oliver Smith, pẹ̀lú sójà díẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n kéde àlàáfíà lórí pápá tí ìbọn ti ń dún láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú bùdó, wọ́n sì fi iná sí wọn. Ohun tó há láti 1878, ìyẹn ni ta ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, ni ẹni tó dúró sáàárín tú. Nígbà tí bùdó méjèèjì jóná, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni tún lè padà sí láti jà.

Bí ìtàn bá parí síbí, ìdáhùn ìbéèrè wa ì bá rọrùn. Kò parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé àdéhùn náà tí ó dà bí ẹni pé ó kéré. Bí aáwọ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó fọwọ́ sí i, gómìnà Èkó ni wọn yóò gbé e lọ bá, ohun tó bá sì sọ ni òpin. Àwọn ọba tó ń wá ẹni tí yóò pẹ̀tù sáàárín wọn ti fi ọwọ́ ara wọn yan adájọ́. Àdéhùn náà pàápàá kò bo gbogbo ilẹ̀. Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀, ogun Ọ̀fà sì ń bá a lọ. Mọdákẹ́kẹ́ kò ṣí títí di 1909. Ohun tó ṣẹ́ kù yìí ló fún Èkó ní ìdí láti máa gòkè bọ̀.

Lóṣù karùn-ún ọdún 1892, ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Lọ́dún 1893, Gómìnà Carter fẹsẹ̀ rìn káàkiri, ó gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ Aláàfin, ó tú bùdó Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ká, Ìbàdàn náà sì fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀ kí ọdún tó parí. Lọ́dún 1894, wọ́n mú Ògèdèngbé, akọni tó ja ogun òmìnira ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ìwó. Lóṣù kọkànlá ọdún 1895, Captain Bower yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Adéyẹmí kan náà tó fi ìwé ránṣẹ́ lọ́dún 1881 ló ṣì wà lórí ìtẹ́. Johnson tó bá a kọ ìwé náà wà ní Ọ̀yọ́ lásìkò náà. Ó ti di àlùfáà láti 1888, òun sì ni pásítọ̀ ìjọ ibẹ̀. Àwọn tó ràn án lọ pè ní onílàjà ló ń fọ́ ìlú tó ń gbé.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tí èèyàn lè máa rò lọ́kàn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tó ṣe. Ó ń kọ̀wé. Lọ́dún 1897, ó parí ìtàn Yorùbá tó ti ń kó jọ láti ẹnu àwọn arókin Ọ̀yọ́, àwọn jagunjagun àtijọ́ àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí. Ó fi í ránṣẹ́ sí London, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901 láìrí i tó jáde. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló padà sórí àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, tó tún un kọ. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, nígbà tí Obadiah náà ti kú. Àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa ń sọ pé ìwé náà tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀, ó tẹ ìwé àdéhùn 1886 sínú rẹ̀, títí kan ibi tó sọ gómìnà di adájọ́ ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo dúró. Àwọn tó sọ pé kí olórí má bá ọ̀tá sọ̀rọ̀ máa ń ní ìdí mẹ́ta lẹ́nu: ọ̀rọ̀ sísọ ń buyì fún ọ̀tá, ó ń fi àárẹ̀ hàn, ọ̀tá kì í sì í pa àdéhùn mọ́. Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lẹ́nu àwọn ìjòyè ní Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní ti iyì, Látòósà kọ̀ láti bu iyì fún Èkìtìparapọ̀, ìbọn sì bù ú fún wọn. Ní ti àárẹ̀, Ògèdèngbé gba ikọ̀ lálejò láìgbé ìbọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ojo títí di òní. Ìdí kẹta ló wúwo. Ọ̀tá lè má pa àdéhùn mọ́ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi gbọ́dọ̀ ní bí yóò ṣe dúró láìfi ti inú rere ẹnikẹ́ni ṣe, bí iná tí wọ́n fi sí bùdó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn ìlú wọ̀nyẹn jẹ́ kí ọdún kọjá títí wọn kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́ láìsí olówó tí yóò dúró fún wọn. Nígbà tí a kò bá bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í dákẹ́. Yóò wá ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́, onítọ̀hún yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo Niger lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ECOWAS fi máa ká ọ̀pọ̀ ìjìyà rẹ̀ kúrò lóṣù kejì ọdún 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ń jáde. Lóṣù kẹrin ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti balẹ̀ sí Niamey. Àyè tí aládùúgbò fi sílẹ̀ kò ṣófo fún ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èmi yóò ní kí olórí lọ, tàbí kí ó rán ikọ̀ tó mọ iṣẹ́. Kí ó lọ nígbà tí òun àti ọ̀tá rẹ̀ ṣì lè jókòó láwọn nìkan, kí ó mọ ohun tí kò lè fi sílẹ̀ àti ohun tó lè fi sílẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹlòmíràn dúró sáàárín, kí ó béèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ jẹ níbẹ̀, kí ó sì ka ìlà ìkẹyìn ìwé náà kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí ẹ bá tún ṣí ìwé Johnson, ẹ má dúró sórí ìtàn Odùduwà nìkan. Ẹ wá àdéhùn 1886 lọ, kí ẹ kà á láti ìlà dé ìlà, kí ẹ sì sọ fún wa ìlà tí ẹ̀yin kì bá ti fọwọ́ sí.